Ìyá Bíréékì Ní Òun Ò Gbà

“Má lọ,” ni Ìyá Bíréékì wí.

Oníbúrẹ́dì tó wà nídìí sítíárì mi orí pé òun ti gbọ́, ó tẹná, ó sì lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ń bọ̀ láti apá òsì. Ilẹ̀kùn onígi bíi mẹ́wàá ló kó sẹ́yìn, awakọ̀ rẹ̀ ò sì dẹsẹ̀ nítorí òun ló ni ọ̀nà. Ìyá Bíréékì fi gbogbo ara tẹ bíréékì kejì tó wà níwájú ìjókòó tirẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò lẹ rárá. Àmọ́ ẹnu ló kọ́kọ́ gbára lé, bó ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ẹnu náà ló sì já a kulẹ̀. Kí ẹsẹ̀ tó dá sí i, imú ọkọ̀ wọn ti wọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ilẹ̀kùn mẹ́ta já bọ́ sójú títì, wọ́n sùn gbalaja síbẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ kọ́lé sí àárín oríta.

Ètè oníbúrẹ́dì ti lu sítíárì. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àpò ìyẹ̀fun wọlé láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀, ó ń fìka kan ètè rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ wálẹ̀.

Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ti bọ́ sílẹ̀. “Ta ló kọ́ ẹ ní ọkọ̀ wíwà?”

“Àwọn náà nìyí,” ni oníbúrẹ́dì wí, ó nawọ́ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Wọ́n ní kí n máa lọ.”

Ìyá Bíréékì ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ṣinṣin. “Mo ní má lọ.”

“Ẹ gbọ́ bí?” ni awakọ̀ náà wí fún àwọn tó ti ń pé jọ. “Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ní kó máa lọ.”

“Mo ní má lọ.”

“A ti gbọ́ yín, màmá. Ẹ ní kó máa lọ. Kí la wá fẹ́ ṣe sí i báyìí?”

Obìnrin kan tó jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù tó wà létí títì wò ó lókè wò ó nílẹ̀. “Ohùn wọn ò já gaara,” ló wí, kò sì rọra sọ ọ́. “Ó dà bí i pé wọ́n ti mu nǹkan kan.”

Ni awakọ̀ náà bá sún mọ́ ọn, ó na imú sí ẹnu rẹ̀ kó lè gbóòórùn. Ìyá Bíréékì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí, ó tì í padà jẹ́jẹ́, bí ẹni ti ilẹ̀kùn tó ṣí fúnra rẹ̀. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n. Gbogbo àwọn tó ń wòran ló rí i pé kò gbọ̀n, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà pé ọtí ni, nítorí ara ẹni tí ń ṣàìsàn kì í le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, ọmọ ọdún méjì tó ń rìn tàgétàgé mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín “má lọ” àti “máa lọ”. Èyí tó kúrú ní kó dúró, èyí tó fà díẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀ níparí ní kó tẹ̀síwájú. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Inú ọyàn la ti mu ún. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu Ìyá Bíréékì. Ẹni tó wá ń gbọ́ ọ ló ń yan èyí tó wù ú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Bíréékì. Wọ́n ní bíréékì méjì ló ní, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu, àti pé ti ẹnu ló yá jù. Bó bá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ nígbà náà, ẹni tó wà lójú fèrèsé òdìkejì títì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì tẹ̀ lé e, dókítà sì sọ fún un pé Pákínsìn ni. Kò pẹ́ tó fi di pé kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a dè é, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kò sì ráhùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí á sọ tòótọ́.

Ọdún keje rèé tí wọ́n lu orí rẹ̀ ní ihò méjì ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bọ inú ọpọlọ, wọ́n gbà á kọjá lábẹ́ awọ ọrùn, wọ́n sì so ó mọ́ bátìrì kan tí wọ́n rì sábẹ́ awọ àyà. Bátìrì yìí ló ń fi iná díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọpọlọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tan iná náà, ọwọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí itan rẹ̀. Ó sunkún, ọkọ rẹ̀ sunkún, dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ náà yíjú sí ògiri. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ti padà sídìí iṣẹ́.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni nǹkan fi ń lọ déédéé. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí sáré, tí ọ̀rọ̀ kan ń tẹ ọ̀rọ̀ kejì ní gìgísẹ̀. Níkẹyìn, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ti àárín, gbogbo wọn di ilẹ̀ títẹ́jú. Bó bá sọ fún ará ilé kejì pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, ìyẹn á ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ọkọ yín? Èèyàn dáadáa ni wọ́n.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá lóye, òun náà á sì rẹ́rìn-ín nígbà náà lọ́hùn-ún, kí ọ̀rọ̀ náà tó sú u.

Ohun tó ń bí i nínú jù ni ìdúpẹ́. Kò sí ibi tó lè ráhùn sí tí ẹnìkan ò ní gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ó gbé e sókè fún un bí ẹ̀bùn. “Ṣé ẹ rí ọwọ́ yìí? Ẹ rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ dúpẹ́ o.” Ó dúpẹ́ títí, ó dúpẹ́ tán. Ta ló wá ń dúpẹ́ pé wọ́n gba ẹnu òun?

Lọ́jọ́ kejì ìjàmbá náà, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀. Ìyá Bíréékì ló kọ́ Ọ̀gá yìí ní ọkọ̀ wíwà nígbà tí Ọ̀gá wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì já a kó tó jẹ́ kó lọ ṣe ìdánwò. Àwòrán àmì ojú ọ̀nà bo gbogbo ògiri ọ́fíìsì náà. Lórí tábìlì, àwọn ọkọ̀ oníke kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ẹni tó ni ọ̀nà ní oríta wà níbẹ̀, ẹnìkan sì ti to méjì nínú wọn ní ìfẹnukonu. Akọ̀wé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Ọkọ Ìyá Bíréékì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni pẹ̀lẹ́, ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Ó ní òun bá a wá kí òun lè bá a sọ̀rọ̀, kó má bàa rẹ̀ ẹ́.

“Màmá,” ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, “ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dé ọkàn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. A ti rò ó pé kí ẹ kúrò nínú ọkọ̀, kí ẹ wá máa jókòó sí yàrá àmì ojú ọ̀nà. Ẹ ó kàn máa yẹ ìwé ìdánwò wò. Ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan, ẹ ò tiẹ̀ ní nílò láti sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?”

“Mi ò gbà,” ni Ìyá Bíréékì wí.

Ọ̀gá dẹ etí sílẹ̀. “Ẹ ní?”

“Mi ò gbà.”

“Mi ò”, tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, ti ká wọ inú ara rẹ̀ kó tó dé ètè. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ti bọ́ sọnù lọ́nà. Ọ̀gá wo akọ̀wé, akọ̀wé wo Ọ̀gá, àwọn méjèèjì sì yíjú sí ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe.

“Ó ní òun gbà,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ìyá Bíréékì yí gbogbo ara sí i. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ọ̀gá, ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní já a kulẹ̀. “Mo kọ̀,” ló wí.

“Ẹ fẹ́ kọ nǹkan, Màmá?” Akọ̀wé sún bírò sọ́dọ̀ rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó ku díẹ̀ kí òun náà bú sẹ́rìn-ín, inú ló ń bí i jù. Kọ̀, kọ, kọ́: ohùn nìkan ló ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ èèyàn kò wá lè kọ̀ mọ́. Ó mú bírò náà. Ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé ì bá ti parí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wo ọkọ rẹ̀, ó sì rí i pé ọkọ rẹ̀ ń wo àwọn ọkọ̀ oníke orí tábìlì. Kò wo òun. Ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ á wo ojú ẹni tó sọ ọ́. Ọkùnrin yìí gbọ́ mi, ló wí nínú ara rẹ̀. Ọkùnrin yìí gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lè dúró. Ó fi bírò sílẹ̀, ó dìde, ó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Ọ̀gá ń sọ pé, “Ẹ bá wa kí wọn, Bàbá. A mọ̀ pé kò rọrùn fún wọn.”

Nílé, ọkọ rẹ̀ gba ìdí ìfọwọ́ lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ àwọn àwo àárọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀. Ìyá Bíréékì jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Ó mú rìmóòtù kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ipò méjì ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ni iná tó le, èyí tó ń mú ọwọ́ dákẹ́ tó sì ń lọ ohùn pọ̀. Èjì ni iná tó rọlẹ̀. Wọ́n ní kó máa lo èjì bó bá fẹ́ sinmi, ṣùgbọ́n kì í lò ó, nítorí ojú ọkọ rẹ̀ kì í gbà á.

Ó tẹ èjì, ó sì dúró.

Kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ọwọ́ gbà á. Ṣíbí tó wà nínú ife níwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún wọnwọnwọn.

Ọkọ rẹ̀ ò yíjú padà. “Jọ̀ọ́, dá a padà sí ọ̀kan.”

“Ẹ jókòó.”

Ìyẹn ló mú kí ọkọ rẹ̀ yíjú. Ohùn náà há, ó sì gbẹ, kì í ṣe ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó.

“Kí ni mo sọ ní ọ́fíìsì?”

“Ìyá àwọn ọmọ, o mọ ohun tí o sọ.”

“Ẹ̀yin ni mò ń bi.”

Ọkọ rẹ̀ wo ife tó ń dún. Ó na ọwọ́ láti mú ṣíbí kúrò nínú rẹ̀, Ìyá Bíréékì sì fa ife náà sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Tíì dà sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó nù ún.

“O ní o ò gbà.”

“Ẹ gbọ́ ọ.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ẹ wá sọ fún wọn pé mo gbà.”

“Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ ọkùnrin yẹn!” Ohùn ọkọ rẹ̀ lọ sókè, ó sì tètè wálẹ̀. “Ètè ló là lánàá. Bó bá jẹ́ ọmọdé tó ń sọdá ńkọ́? Kí ni kí n ṣe? Kí n jókòó kí n máa retí kí wọ́n wá pè mí?”

Òótọ́ ni. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, òun náà ti rí ọmọ yẹn lójú oorun láti àná, ìyẹn ló sì tún dáná sí inú rẹ̀. “Kí ẹ sọ ọ́ fún mi. Kí ẹ sọ pé, ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ pààyàn, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ẹ bá mi jà nínú ilé yìí títí tí àwọn ará ilé kejì á fi wá là wá. Mi ò sọ pé kí ẹ má bá mi jà. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ẹnu mi padà. Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, ẹ yí i padà lójú mi.”

“Mo ṣàṣìṣe.”

“Ìgbà mélòó?”

“Kí ni?”

“Àṣìṣe yẹn. Ìgbà mélòó lẹ ti ṣe é?”

Ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Ìyá Bíréékì bi í ní ìbéèrè náà láti fi gún un lásán ni, kò retí ìdáhùn. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

“Nọ́ọ̀sì,” ni Ìyá Bíréékì wí.

Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì tó ń tún iná ẹ̀rọ náà ṣe ti pè é jókòó. Ó ní iṣẹ́ kan wà tí àwọn lè gbìyànjú: kí àwọn máa yí iná náà díẹ̀díẹ̀ títí àwọn á fi rí àárín kan tí ọwọ́ á fi dákẹ́ díẹ̀, tí ẹnu náà á sì yọ díẹ̀. Á gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ọwọ́ lè máa gbọ̀n láàárín ìgbà náà, ó sì lè má bọ́ sí i rárá. Ìyá Bíréékì ní òun fẹ́. Nọ́ọ̀sì ní àwọn á pè wọ́n. Láti ìgbà náà, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ló ń bi ọkọ rẹ̀ bóyá wọ́n ti pè, nítorí nọ́ńbà fóònù ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ní lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń sọ pé wọn ò tíì pè.

“Wọ́n pè,” ni ọkọ rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. “Lọ́jọ́ kejì gan-an. Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí o sọ dáadáa, ó fẹ́ mọ̀ bóyá o ní o fẹ́ ni àbí o ò fẹ́. Mo ní o ò fẹ́.”

Ṣíbí ń dún nínú ife.

“Ìwọ kọ́ lò ń wo ọwọ́ yẹn,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Èmi ni mò ń wò ó. Èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu tó ń dà sílẹ̀, tí o ń yíjú kúrò kí n má bàa rí ẹkún ẹ. Mi ò lè padà síbẹ̀ mọ́. Ọlọ́run gbọ́, mi ò lè wo ọwọ́ yẹn mọ́.”

“Ọwọ́ ta ni?”

“Ọwọ́ ẹ ni.”

“Ẹnu ta ni?”

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí nu tíì tó dà sórí tábìlì.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Bíréékì ti fi ń bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀, kò tíì fi “o” pè é rí. Bí wọ́n bá ń jà, “ẹ” náà ni. Níwájú àwọn ọmọ, lẹ́yìn àwọn ọmọ, “ẹ” ni. Lọ́jọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kedere, kó má bàa ṣì í gbọ́.

“O ta ẹnu mi, o fi ra ọwọ́. O ò bi mí.”

Ọkọ rẹ̀ gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ìyá Bíréékì di etí tábìlì mú, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ń fa ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò dá rìmóòtù padà sí ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́tìnnì mẹ́fà tó wà lára bùláòsì rẹ̀ gbà á ní ìdajì wákàtí. Ẹ̀kẹta bọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó bú u, ó tún un mú. Nígbà tó jáde sí pálọ̀, ọkọ rẹ̀ ti wọ bàtà, ó ti mú agbòòrùn dání.

“Ṣé kí n bá ẹ lọ?”

“Rárá.”

Ọkọ rẹ̀ jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti agbòòrùn lórí orúnkún. Kò sọ pé kó ṣọ́ra. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀gá ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tó wọlé, ó sì yára dìde nígbà tó rí bí gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. “Màmá, kí ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bàbá dà?”

“Bàbá ló ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà níbí ni?”

Ọ̀gá ṣíwọ́ gbogbo ohun tó ń ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó gbọ́ irú ohùn yẹn kẹ́yìn, nínú ọkọ̀ ló sì ti gbọ́ ọ.

“Lánàá, o bi mí bóyá mo gbà. Mo ní mi ò gbà. Ohun tí mo sọ nìyẹn, ẹ sì kọ nǹkan mìíràn. Pa á rẹ́.”

“Màmá, Bàbá ló...”

“Ojú mi ni kó o máa wò, má wo ẹsẹ̀ mi. Oníbúrẹ́dì ò jẹ̀bi. Ó gbọ́ ohun tó gbọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹnu mi ò ṣeé gbọ́kàn lé, mo sì ń lò ó lọ. Mi ò ní wọ ọkọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kankan títí ẹnu yìí á fi dúró. Bí kò bá dúró, mi ò ní wọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ jókòó sí yàrá àmì kí ẹ máa fi mí pamọ́ síbẹ̀. Kọ ìyẹn.”

Ọ̀gá fọwọ́ nu ẹnu. “Màmá, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Ẹ ò kúkú ní wọ ọkọ̀.”

“Kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí, èmi ni mo sọ ọ́.”

Akọ̀wé fa ìlà sórí ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀, ó sì kà á sókè láìsí pé ẹnìkan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Bíréékì gbọ́ ọ títí dé òpin, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó jáde.

Bọ́ọ̀sì tó gbé e dé ilé ìwòsàn kún. Obìnrin kan dìde fún un, ọkùnrin kan ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti ibi tó ti wọ̀ títí dé ibi tó ti sọ̀. Jẹ́ kó wò ó, ló wí nínú ara rẹ̀. Inú ń bí i síbẹ̀. Inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀, sí ara rẹ̀ tó gbàgbọ́ fún oṣù mọ́kànlá, sí wáyà méjì tó wà nínú orí rẹ̀, sí gbogbo ẹni tó ti gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè rí pé kó dúpẹ́. Ìbínú náà gùn ju ìrìn àjò náà lọ.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójú kan náà. “Ẹ káàárọ̀, màmá. Ta ló bá yín wá?”

“Kò sí.”

Nọ́ọ̀sì mú un wọ yàrá, ó fa fáìlì rẹ̀ jáde, ó ń ṣí i ní ojú ewé dé ojú ewé. “Ọ̀rọ̀ wíwá àárín yẹn lẹ bá wá?” Ó dúró, ó fìka lé ìlà kan. “Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbí pé ẹ ò fẹ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Nọ́ọ̀sì tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. “Bàbá ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo fẹ́,” ni Ìyá Bíréékì wí.

Ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárọ̀ náà, ó ti rẹ ohùn náà. Kódà lórí ipò kejì, ó ti ń rì padà sínú ilẹ̀ títẹ́jú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ọ̀sì wo àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Òfìfo ni. Ìyá Bíréékì dúró de ohun tó mọ̀ pé ó ń bọ̀: pé kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, kí ó mú ẹnìkan dání tó lè bá a sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì fi fáìlì sílẹ̀. Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn títí orúnkún wọn fi kanra, orúnkún Ìyá Bíréékì sì ń gbọ̀n mọ́ tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ má bínú, màmá, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ ni, àbí ẹ ò fẹ́ ẹ? Ẹ fara balẹ̀, mo ń gbọ́.”

Láti ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tó tíì bi í lẹ́ẹ̀kejì, kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ìyá Bíréékì fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ó sì tún un sọ.